“Instil” àti “inculcate”: èwo ni kí a lò?

Méjèèjì ń sọ nípa fífi ìwà kọ́ni díẹ̀díẹ̀, èdè Látìn ni wọ́n sì ti wá. Inú “stilla”, ìyẹn ẹ̀kán omi, ni “instil” ti jáde: ẹ̀kọ́ ń kán sí ọmọ lọ́kàn, tó, tó, tó, títí yóò fi mọ́ ọn lára. “Calx”, ìyẹn gìgísẹ̀, ló wà nídìí “inculcate”: ẹ̀kọ́ tí a fẹsẹ̀ tẹ̀ wọlé, àsọtúnsọ ṣáá. Èmi a máa lo “instil” fún ohun tí ọmọ ń rí lára òbí rẹ̀, bí òtítọ́ sísọ. “Inculcate” bá òfin àti ìlànà mu jù.

Ibi tí a ti ń ṣi “instil” lò nìyí: “instil honesty in a child” ló tọ̀nà, kì í ṣe “instil a child with honesty”. “Imbue”, ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ jọ ti “instil”, ló ni “with”: “imbue a child with honesty”. (Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ “instill”.)