AC onísóònù tuntun tí wọ́n ṣe sílé wa ní Houston, àti ọ̀rọ̀ gáàsì tó lè jò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ AC ilé yín ní Amẹ́ríkà, pàápàá tó bá jẹ́ onísóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀. Ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tiwa, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lókè àjà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ilé, àmọ́ wọ́n pín in sí sóònù mẹ́ta: ìsàlẹ̀, yàrá tèmi àtìyàwó mi, àti yàrá àwọn ọmọ. Kálukú ló ní thermostat tiẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ara ògiri tá a fi ń yan bí yàrá ṣe máa tutù tó. Inú páìpù ńlá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni dámpà wà, irin pẹlẹbẹ kan báyìí tí mọ́tò kékeré ń ṣí tó sì ń tì, tó bá jẹ́ yàrá àwọn ọmọ nìkan ló nílò atẹ́gùn tútù lóru, dámpà àwọn tó kù á tì. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, bílì iná wa wálẹ̀.

Gáàsì inú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. R-410A la ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti January 1, 2025, EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ò gbà kí wọ́n ṣe AC ilé tuntun tó ń lò ó jáde mọ́, torí ó ń mú ayé gbóná jù, ìlọ́po 2,088 ti kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì, òfin tuntun sì ní kò gbọ́dọ̀ tó 700. R-454B ni wọ́n fi sí tiwa, 466 ni tiẹ̀, àwọn kan ń lo R-32 tó jẹ́ 675. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé R-410A kì í gbaná, àwọn tuntun yìí sì lè gbaná díẹ̀. Ẹ má jáyà o. Kì í tètè gbaná, tó bá sì gbaná kì í jó kíákíá, R-32 gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibi tó wà kó tó lè gbaná rárá. Àmọ́ ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, kò lóòórùn téèyàn lè fi mọ̀, tó bá sì pọ̀ nínú yàrá kékeré á lé ọ́síjìn jáde. Áláàmù èéfín ò lè mọ̀ ọ́n, ti kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì náà ò lè mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ tí gáàsì bá jò, sídìí kọ́ìlì lókè àjà, ìyẹn páìpù wíwé tí gáàsì ń gbà kọjá láti mú atẹ́gùn tutù. Kí gáàsì tó jò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n tó lè gbaná, sẹ́ńsọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ti mọ̀, á pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, á tan fáànù kó lè fẹ́ gáàsì náà ká gbogbo ilé kó má bàa dúró lójú kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá rò ó wò nínú ilé onísóònù: aago méjì òru, yàrá àwọn ọmọ nìkan ni dámpà ẹ̀ ṣí, gáàsì jò, fáànù tan. Ibo ni gbogbo gáàsì yẹn ń lọ? Yàrá àwọn ọmọ ni! Torí náà dámpà gbogbo sóònù pátá gbọ́dọ̀ ṣí gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà bí sẹ́ńsọ̀ bá ti ké, ohun yòówù kí thermostat máa wí. Ìwọ̀n gáàsì tí wọ́n gbà kó wà nínú ẹ̀rọ gan-an, bí ibi tí atẹ́gùn ń dé ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, tí dámpà ò bá ṣí, ìṣirò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn dámpà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀dù ayé R-410A ò sì ní ibi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ lè wọlé sí rárá. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wá wo ilé wa, mi ò ní dárúkọ wọn, ní kò sí wàhálà, pé àwọn á so ẹ̀rọ tuntun mọ́ bọ́ọ̀dù tó wà ńlẹ̀. Mo ní tí gáàsì bá jò ńkọ́, ṣé dámpà á ṣí? Wọ́n ní fáànù á ṣáà tan, ìyẹn ti tó. Kò tó! Owó wọn kéré lóòótọ́, a ò gbéṣẹ́ fún wọn. Àwọn tó wá ṣe é, oníṣẹ́ wọn ṣí ìwé ẹ̀rọ náà níwájú mi, ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ dámpà sí hàn mí, ó sì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Wọ́n fi náítírójìn dán páìpù gáàsì wò bóyá ó ń jò, wọ́n fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, káàdì EPA 608 wọn, ìwé ẹ̀rí àwọn tó lè fọwọ́ kan gáàsì AC, wà lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, mo ní kí wọ́n fi hàn mí. Oníṣẹ́ yẹn pa gbogbo sóònù àfi yàrá àwọn ọmọ, ó gun àjà lọ yọ wáyà sẹ́ńsọ̀, torí bí bọ́ọ̀dù tiwa ò bá rí sẹ́ńsọ̀ mọ́, á ṣe bí ìgbà tí gáàsì ń jò ni. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ìta dákẹ́, fáànù gbéra, mo ń gbọ́ àwọn dámpà bí wọ́n ṣe ń ṣí, mo sáré lọ gbọ́wọ́ sójú atẹ́gùn nísàlẹ̀, ó ń fẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó so wáyà padà, fáànù ò kú lójú ẹsẹ̀, ó ṣì fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé wọn ò lẹ ìwé kankan mọ́ ẹ̀gbẹ́ thermostat. Màmá mi ń bọ̀ wá bá wa gbé láti Ìbàdàn, tí wọ́n bá rí i pé fáànù ń fẹ́ kíkankíkan ní gbogbo yàrá tí kò sì tutù, bíréékà ni wọ́n máa lọ pa, bẹ́ẹ̀ fáànù yẹn ló ń tú gáàsì ká. Mo ti kọ ọ́ ní Yorùbá mọ́ ògiri fún wọn: ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́, ẹ má dáná, ẹ ṣí wíńdò, ẹ bọ́ síta, ẹ pè mí. Ìwé tí ilé iṣẹ́ náà ò lẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fún wọn ní 4 nínú 5.

Ẹ̀yin tí AC R-410A yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní láti yọ ọ́, wọ́n ṣì ń ta gáàsì ẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rọ R-454B tàbí R-32 sínú ẹ̀, wọn ò ṣe ẹ̀rọ yẹn fún gáàsì tó lè gbaná, kò sì ní sẹ́ńsọ̀ kankan nínú.