Ọdún márùn-ún ọmọ mi ní yunifásítì ìjọ: ohun tí owó wa rà, àti ohun tí kò rà

Gbogbo ìgbà tí èsì JAMB bá ti jáde ni àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa, l'Abuja, máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwé tí ọmọ yín lọ yẹn, ṣé kí n mú tèmi lọ síbẹ̀?" Ìdúró ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nu ọ̀nà kò tó fún ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà, torí àwọn nǹkan kan wà tí mo máa sọ tí kò dùn, àwọn tó sì tọ́jú ọmọ mi dáadáa níbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ti ìjọ Kírísítẹ́nì ni, pé òkè Ọya níhìn-ín ló wà, àti pé ìjọ tó ni ín kì í ṣe ìjọ tiwa.

Kì í ṣe owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wa tí a fi gba ibẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, èmi sì ń ta aṣọ ní ọjà Kubwa. Ọmọ wa obìnrin gba máàkì 238 nínú 400 ní JAMB ọdún 2019, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Yunifásítì ìjọba tó kọ́kọ́ fi sí ìwé kò mú un. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò bèèrè. Ọdún tó ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, a sì rò pé bí ti ẹ̀gbọ́n bá ń lọ dáadáa, kí ti àbúrò náà dúró de ọdún kejì. Ọkọ mi ló kọ̀. Ó ní ọmọbìnrin kì í dúró de ọdún kejì kí ọ̀rọ̀ mìíràn má wọ̀ ọ́.

Ẹ bá mi wo bí àwọn ọdún yẹn ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n wọlé ní 2018 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. Àbúrò wọlé ní 2019 fún ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún. Oṣù Kẹta 2020 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba, daṣẹ́ sílẹ̀, ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó padà. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ọmọkùnrin mi, tó ti yẹ kó máa kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ló ń bá wọn tún fóònù ṣe ní Banex, ọjà fóònù ní Abuja, láti àárọ̀ dalẹ́. N kò bá àwọn olùkọ́ yẹn jà o, mo mọ ohun tí ìjọba fi ojú wọn rí. Ṣùgbọ́n ìparí 2023 ni ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọdún mẹ́rin tó parí, nígbà tí èyí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọdún márùn-ún jáde ní 2024, pẹ̀lú Kòrónà láàárín. Lásìkò Kòrónà náà, orí fóònù bàbá rẹ̀ ló ti ń gba ẹ̀kọ́. Dátà jẹ owó wa bí iná ṣe ń jẹ pákó, àmọ́ kò pàdánù sáà ẹ̀kọ́ kankan.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni owó wa rà, ọjọ́ ló rà. Wọ́n sọ oṣù tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀, oṣù yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀, ọdún márùn-ún léraléra. Fún òbí tó ń dá àjọ, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nǹkan ńlá nìyẹn. Mo mọ oṣù tí màá kó àjọ sí.

Owó ọ̀hún ńkọ́? Ní 2019, nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ni a san, ibùgbé wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó jáde, ó ti kọjá mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Bí wọ́n ṣe yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023 báyìí, ìwé àfikún owó dé láàárín oṣù mélòó kan. Iye tí wọ́n kọ sójú ìwé sì kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Owó ìgbàwọlé wà lọ́tọ̀, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti bàtà wà lọ́tọ̀, ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn fún ìkọ́ṣẹ́ wà lọ́tọ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì náà wà lọ́tọ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé iye tí wọ́n bá sọ fún yín kí ẹ tó sọ pé ẹ lè san án. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀yáwó ìjọba tí wọ́n ń pè ní NELFUND, àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé ìjọba nìkan ni òfin ọdún 2024 ṣe é fún.

Ní ọdún kẹta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà ló kù lọ́rùn wa. Ọjà kò tà, àjọ mi sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. A kọ lẹ́tà bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, a rò pé wọ́n ti gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n dá ọmọ mi padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó pè mí, kò lè sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Bàbá rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ sì ṣe ìdánwò tó kù, ṣùgbọ́n èyí tó sọnù yẹn, ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó ṣe é, a sì tún sanwó kí ó tó ṣe é. Títí dòní, ó ń dùn mí. Ilé ìwé tó ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yẹ kó lè fóònù òbí kí ó tó dójú ti ọmọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: láàárín ọdún márùn-ún, kò sí òṣìṣẹ́ wọn kan tó bèèrè kọ́bọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, kò sì sí olùkọ́ tó fi máàkì halẹ̀ mọ́ ọmọ mi. Ìyá ọmọbìnrin ni mí, mo mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà jù lọ rèé. Kì í ṣe pé NUC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso yunifásítì, fọwọ́ sí ilé ìwé nìkan ló tó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní àjọ tirẹ̀, òun ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ìwé kan lè kọ́ lọ́dún kan, òun ló sì ń fi orúkọ wọn sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé yẹn kò lè jókòó ṣe ìdánwò àṣẹ iṣẹ́, ì báà lọ sí kíláàsì fún ogún ọdún. Bákan náà ló rí fún àwọn dókítà lọ́dọ̀ àjọ tiwọn, MDCN, àti fún àwọn tó ń kọ́ òfin tí wọ́n máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Bwari. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wa nígbà tí a ń sanwó ìgbàwọlé. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sí ọdún kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí àjọ náà fún wọn. Nígbà tí ọdún kejì ń parí lọ, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Àwọn tí máàkì wọn ga ló wà níbẹ̀. Àwọn yòókù, wọ́n ní kí wọ́n lọ ka ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ tàbí kí wọ́n wá ilé ìwé mìíràn.

Orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀. Ti ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kò sí. Ọmọ Tiv ni, opó ni ìyá rẹ̀, oko ọsàn ni wọ́n tà ní Benue fi san ọdún méjì yẹn. Mo lọ bẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ Sátidé, mo bá ọmọ náà tó ń di ẹrù rẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bá a di ẹrù. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ìṣègùn tàbí òfin ní ilé ìwé aládàáni èyíkéyìí, ẹ bèèrè lẹ́tà tí àjọ iṣẹ́ náà fi fún wọn láyè, ẹ wo iye tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ lórí, ẹ gbé àpò yín.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, n kò ní ẹ̀sùn. Àwọn olùkọ́ ń wá sí kíláàsì. Kíláàsì kò pọ̀, olùkọ́ mọ ọmọ ní orúkọ, ọ̀kan nínú wọn pè mí nígbà tí máàkì ọmọ mi já walẹ̀ ní sáà kan, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń ṣe é nílé. Ibi tó ti wá di nọ́ọ̀sì gan-an ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Hausa ni àwọn aláìsàn ibẹ̀ ń sọ jù. Ọmọ tí a bí sí Kubwa, tí kò mọ̀ ju "nawa ne" (èló ni) ọjà lọ, ló di ẹni tó ń bi ìyá arúgbó léèrè pé "Ina ke yi miki ciwo?" (ibo ló ń dùn yín?) tí ó sì ń gbọ́ èsì rẹ̀. Èmi tí mo ti ń tajà níbí fún ọdún méjìdínlógún, ó ti gbọ́ Hausa jù mí lọ.

Oúnjẹ wọn mọ níwọ̀n, ọmọ ń fi gàárì àti ẹja gbígbẹ tí mo ń dì fún un kún un. Iná ń wà láti ìrọ̀lẹ́ di aago mọ́kànlá alẹ́. Omi kì í tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Lórí òfin ilé ìwé náà ni ilé wa ti pín sí méjì. Ọmọ kò lè jáde láìgba ìwé àyè tí wọ́n ń pè ní exeat, òbí ló sì gbọ́dọ̀ pe alábòójútó kí wọ́n tó fún un. Wọ́n gba fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lo oṣù méjì láìsí i. Ní ọdún kẹrin, ó bú sẹ́kún sí mi létí: "Màmá, mo ti pé ọmọ ogún ọdún, mo ti gbẹ̀bí aláboyún, mo ṣì ń tọrọ àyè kí n tó lọ ra ọṣẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbà. Oṣù Kẹrin 2021 ni àwọn ajínigbé wọ yunifásítì aládàáni kan ní Kaduna, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, wọ́n pa márùn-ún nínú wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi ti ń sọ pé bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi odi méjì sí i. Àwa tí a ń gbé ìhà ibí mọ̀ pé kò ṣàṣejù. Mo dúró sáàárín àwọn méjèèjì: kí odi wà, kí ẹ̀ṣọ́ wà, àmọ́ kí wọ́n yé gba fóònù àgbàlagbà. Nígbà tó jáde tán, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀ láti Berger lọ sí Nyanya ní òun nìkan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ ọ ni.

Ti ìjọsìn náà ńkọ́? Ọmọ mi kò kórìíra ìjọsìn, inú ẹgbẹ́ akọrin ló dàgbà sí. Ohun tó ń bà á nínú jẹ́ ni pé wọ́n ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò bá wá á sanwó ìtanràn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mùsùlùmí ni àbúrò ọkọ mi, ó sì ti ń rò ó pé kí ọmọ tirẹ̀ náà lọ síbẹ̀. Ó pè mí, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ sọ òótọ́ fún mi." Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa fi ipá ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀, àmọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa wá sí ìsìn bí àwọn yòókù, kò sì sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin.

Ìyá ọkọ mi ní Ìsánlú ló sọ ọ̀rọ̀ tí n kò tíì rí èsì sí. Ilẹ̀ Yàgbà ni wá. Láti 1908 tí míṣọ́nnárì Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ́ ni àwọn ará wa ti ń rí ìwé àti oògùn gbà lọ́wọ́ àwọn oníhìnrere. Màmá ní nígbà tí àwọn jẹ́ ọmọdé, míṣọ́nnárì máa ń rọ àwọn òbí ni kí wọ́n mú ọmọ wá. Nísinsìnyí, ìyá tó ń fi owó ọrẹ kọ́ yunifásítì fún ìjọ rẹ̀ kò lè rán ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní TETFund kì í dé ilé ìwé aládàáni, mo mọ iye tí dísẹ́ẹ̀lì jẹ́. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé ọmọ márùn-ún péré láti ilé tálákà ni ìjọ kọ̀ọ̀kan lè gbé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún, ọmọ Tiv yẹn ìbá wà lára wọn.

Ọmọ mi ti yege nínú ìdánwò àjọ nọ́ọ̀sì báyìí, ó sì ń ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn ìjọba níhìn-ín ní Abuja. Mo bi í pé ṣé yóò tún gba ibẹ̀ lọ. Ó ní òun á lọ, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní èmi náà á san án, àmọ́ màá kọ́kọ́ ka lẹ́tà àjọ wọn. Àbúrò rẹ̀ tó kéyìn fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò ṣe JAMB. Yunifásítì ìjọba la fi sí ipò kìíní fún un. Bí ASUU bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní àyè wà fún un ní Banex.