Aláàmù onísíìmù nínú ilé wa: ohun tí ó ń ṣe lóru, àti ohun tí ó kù fún ará ilé láti ṣe

Aláàmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kì í ṣe èyí tí ó gbówó lórí jù lọ́jà. Àpótí kékeré kan ni, tí a ń kàn mọ́ ògiri, tí a sì ń fi káàdì SIM sí nínú kí ó lè máa pe fóònù bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ohun tí ó bá a wá ni ẹ̀rọ aṣọ́nà aláìníwáyà fún ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, ẹ̀rọ méjì tí ń mọ̀ bí ènìyàn bá ń rìn nínú yàrá, fèrè ńlá kan, rìmóòtù méjì, àti bọ́tìnnì pàjáwìrì kan. Gbogbo rẹ̀ kò tó owó jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin ni a ń gbé, ní àdúgbò tuntun kan lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn, níbi tí ilé kò tíì fún mọ́ra, tí igbó sì wà lẹ́yìn ọgbà wa. Èmi, bàbá àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi ni a jọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti lò ó la ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò já, ìdájọ́ mi ni pé ó yẹ ní rírà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ó ń bá ìdílé rà. Bí àwọn ará ilé kò bá mọ ohun tí wọn yóò fi ìṣẹ́jú náà ṣe, ariwo lásán ni wọ́n fowó rà.

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà pín sí méjì: ọ̀kan wà lára férémù, èkejì, tí ó jẹ́ òòfà, wà lára ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí tí òòfà sì jìnnà sí ìkejì rẹ̀, ẹ̀rọ yóò ránṣẹ́ sí àpótí, fèrè yóò sì ké. Lára ilẹ̀kùn onígi, kò ní wàhálà. Lára ilẹ̀kùn onírin, èyí tí ó pọ̀ jù ní àdúgbò wa, irin máa ń dín agbára òòfà náà kù, débi pé ẹ̀rọ yóò máa kéde pé ilẹ̀kùn ti ṣí nígbà tí ó wà ní títì. Ẹni tí ó bá wa tò ó kò mọ èyí. Káfíńtà àdúgbò wa ni ó gé pákó pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ òòfà náà kí ó má baà fara kan irin, láti ìgbà náà ni ó sì ti dákẹ́. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ẹ̀rọ tí ń mọ ìrìn ènìyàn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí a pa gbogbo rẹ̀ tì. Ooru tí ń kọjá níwájú wọn ni wọ́n ń ṣọ́, ṣùgbọ́n ọmọ́ńlé tí ó bá gun ojú ẹ̀rọ náà gan-an tó láti mú kí fèrè ké ní aago méjì òru. Nígbà tí a gbé àwọn ẹ̀rọ náà jìnnà sí gílóòbù, ó rọlẹ̀, nítorí pé ibi tí iná bá wà ni kòkòrò ń lọ, ibi tí kòkòrò bá sì wà ni ọmọ́ńlé ti ń jẹun. Ohun kejì ni pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà tan aláàmù náà: ọ̀kan fún ìgbà tí ilé bá ṣófo, nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ ń ṣọ́ gbogbo ibi, èkejì fún ìgbà tí a bá sùn sílé, nígbà tí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé nìkan wà ní ìṣọ́, kí Màmá lè lọ sí ilé ìtọ̀ láì jí àdúgbò. Bí wọ́n ṣe tò ó fún wa, ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Inú ìwé ìlànà rẹ̀ ni mo ti rí bí a ṣe ń yí i padà. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí fèrè tó ké, kí onílé tí ó wọlé lè ráyè pa á. Èyí dára fún ẹnu ọ̀nà iwájú, ṣùgbọ́n kí ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná ń fi àlàfo ṣe lóru? A yọ ọ́. A sì pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kan náà tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Orí káàdì SIM ni gbogbo ìpè rẹ̀ dúró lé. Owó ìpè gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ so mọ́ NIN ẹnìkan nínú ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò dí i. Ìlànà NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, tún gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láàyè láti ti líńnì tí kò bá ṣe ohunkóhun tí ó mówó wọlé fún wọn láàárín oṣù mẹ́fà, líńnì aláàmù tí àdúrà wa jẹ́ pé kí ó má rí ẹni pè sì ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí jù lọ. Nítorí náà, bàbá àwọn ọmọ máa ń mú kí ó pe fóònù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣooṣù, yóò sì gbé e. Bátìrì inú àpótí náà kì í pẹ́ ju wákàtí díẹ̀ lọ bí iná bá lọ, a sì ti so ó mọ́ ínfátà.

Ẹni tí ó tà á fún wa sọ pé ó so mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà tí onílé bá fi sínú rẹ̀ nìkan ni ó ń pè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹnìkan yóò fi gbé e. A fi ti aládùúgbò tí ó kọjú sí wa ṣáájú, ti olórí àwọn ọlọ́dẹ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ti alága ẹgbẹ́ onílé àti ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Àwọn tí wọ́n sùn sínú ilé kò nílò ìpè. Wọ́n ti gbọ́ fèrè. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112, àti 615 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwa fúnra wa ni a ó pè wọ́n, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé e yóò ní ìbéèrè tí ẹ̀rọ kò lè dáhùn. Nọ́ńbà ọ́fíìsì Àmọ̀tẹ́kùn tí ó súnmọ́ wa náà wà nínú fóònù gbogbo àgbà ilé. Láti ìgbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2020, kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa wá a kiri lóru.

Iṣẹ́ tí ó le jù kò sí nínú páálí ẹ̀rọ. A ní láti yan yàrá kan tí gbogbo ilé yóò sá sí, bàbá àwọn ọmọ sì kọ́kọ́ dárúkọ yàrá tiwa nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn. Ṣùgbọ́n orúnkún Màmá kò jẹ́ kí wọ́n lè yára dìde, ẹni tí yóò bá sì lọ gbé wọn ní láti la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá ní àlọ àti àbọ̀, lójú ẹni tí ó wọlé. Yàrá Màmá ni a wá fi ṣe ibi ìsádi. A gbé ilẹ̀kùn tí ó nípọn lọ síbẹ̀, a fi ìdábùú irin sí inú rẹ̀, a lẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. Bọ́tìnnì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀rọ náà: ó ń ṣiṣẹ́ kódà nígbà tí a bá pa aláàmù. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, omi, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá kì í kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú irin ojú fèrèsé yàrá náà ṣeé ṣí láti inú, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ láti ìta kò lè dé, nítorí pé ilé tí olè kò lè wọ̀ lè di ilé tí a kò lè jáde nínú rẹ̀ bí iná bá ṣẹ́.

Ọ̀sán ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ní ọjọ́ Sátidé, láì dẹ́rù bà wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má tan iná, kí ẹnikẹ́ni má lọ sí pálọ̀. Ọmọ wa obìnrin ni yóò júwe ilé lórí fóònù. Àdúgbò wa kò ní nọ́ńbà ilé, nítorí náà a kọ ọ́ sí ara ògiri: orúkọ àdúgbò, ilé-ìwé tí a fi ń júwe ọ̀nà, àti àwọ̀ géètì. Àbígbẹ̀yìn wa kò tilẹ̀ jí nígbà tí a dán fèrè wò lóru. Ẹni tí ó bá rò pé ariwo yóò jí gbogbo ọmọdé, kí ó dán an wò kí ó rí i. Gbígbé ọmọ náà di iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Àkọ́bí wa fẹ́ kí a fún òun ní àdá, mo sì kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá wá nítorí tẹlifíṣọ̀n, kí ó gbé e lọ. Màmá ni ó mú àbá kan wá tí kò sí nínú ìwé ìlànà kankan. Wọ́n ní láyé àtijọ́ a kì í dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ ẹni lóru. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, ìbáà jẹ́ bàbá àwọn ọmọ fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ fi oríkì kan pe Màmá. Oríkì wo ni? N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ní òpin ọdún tí ó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, àwọn olè fi irin yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Fèrè ké, a sì ti wà ní yàrá Màmá kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aládùúgbò wa gbé ìpè, ó tan gbogbo iná ìta ilé rẹ̀, àwọn ọlọ́dẹ sì ń fọn fèrè tiwọn bọ̀ láti ìkóríta. A kò ṣílẹ̀kùn títí olórí wọn fi pè wá lórí fóònù. Sílíńdà gáàsì ni àwọn olè náà rí gbé lọ. Àbùkù tí mo rí lóru ọjọ́ náà ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni fèrè náà dákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ní ìgbà tí a ṣì fẹ́ kí ó máa ké. Èyí èkejì ṣeé yí padà nínú ètò rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò ṣeé ṣe ohunkóhun sí, nítorí náà ẹ má gbára lé àtẹ̀jíṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yan èyí tí ó lè lo 4G, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú kò kọjá 2G. Ẹ kan fèrè sí òkè, lábẹ́ òrùlé níta, níbi tí ọwọ́ kò lè tó, kì í ṣe sínú pálọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kan tiwa. Ẹ ra bọ́tìnnì pàjáwìrì kejì. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún ẹ̀rọ náà ní mẹ́rin, mo sì fún ẹni tí ó tò ó ní méjì.