Ṣọ́ọ̀bù oníwọ̀ kan l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja nínú kòtò tí wọ́n ti wa òkúta l'Àkúrẹ́ níbí, ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù màmá kan l'Ọ́jà Ọba. Ìwọ̀ wọn mú gan-an, nọ́ńbà 10 ni kẹ́ ẹ rà lásìkò tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí torí ẹnu èpìyà ò tóbi, ẹ mọ̀ pé bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i o. Okùn wọn ni mi ò fẹ́ràn. Oòrùn ti pa á jù, àrọ̀ kan fà á báyìí ló já, tòun tìwọ̀ ló lọ! Màmá pààrọ̀ ẹ̀ fún mi ṣá, wọn ò bínú, wọ́n tún ní kí n yéé ju ìwọ̀ sáàárín, pé ibi tí àgbàrá ti ń wọlé ni kí n jókòó sí, ibẹ̀ lẹja ti ń jẹ ekòló. Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń pa ẹja tí wọ́n ń pè ní káàpù nínú irú kòtò yìí náà, etí omi tóòrùn ń ta sí ni wọ́n ń wá tótùútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn máa ń dá ẹja ọ̀hún padà sómi ni, èmi kọ́, ata ti wà nílẹ̀! Owó ọjà màmá ò le, ẹ ṣá ná an dáadáa.