Ẹ̀rọ tó ń fi asẹ́ HEPA sẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá ìtọ́jú eyín: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Olùrànlọ́wọ́ dókítà eyín ni mí, ibi tí itọ́ ti ń ta síni lójú gan-an ni mo máa ń dúró sí. Ẹni tó bá ti rí bí ẹ̀rọ tí a fi ń họ èérí ara eyín ṣe máa ń tú omi ká lábẹ́ iná mọ̀ pé kì í ṣe omi lásán là ń fà símú. Itọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Bí aláìsàn bá sì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí kòrónà, kòkòrò rẹ̀ á bá a jáde. Èyí tó tóbi á já sára aṣọ wa. Èyí tó kéré jọjọ ló ń rá bàbà nínú afẹ́fẹ́ títí ẹlòmíì á fi wọlé.

Asẹ́ HEPA inú ẹ̀rọ yìí, èyí tó ń mú èérún tín-ín-tìn-ín inú afẹ́fẹ́, dára, kò sírọ́ ńbẹ̀. Nínú 10,000 èérún tó jẹ́ 0.3 máíkírómítà (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), 3 péré ló lè yọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè sẹ́. Àwọn tó wá tò ó gbé e há ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí wáyà! Mo so tíṣù rọ̀ síbi ìgbórílé àga, kò mì rárá. Ìgbà tí a gbé e sún mọ́ àga ni tíṣù náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ẹ má sì gbé e sẹ́yìn ara yín o, torí iwájú imú yín ni yóò fa gbogbo ẹ̀ gbà.

Ariwo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá tàn án dé òkè, dókítà á máa pariwo kí n tó gbọ́ ohun tó ń béèrè, ni ẹnì kan á bá rọra yí i wálẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ibi tó ti wúlò jù ni lẹ́yìn tí aláìsàn bá jáde: yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pààrọ̀ ní ìgbà 6 ní wákàtí kan nílò ìṣẹ́jú 46 kí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún èérún tó kúrò, bí ẹ̀rọ yìí bá sọ ọ́ di ìgbà 12, ìṣẹ́jú 23 ti tó.

Síbẹ̀, bí owó bá mọ níwọ̀n, páìpù ńlá tó ń fa omi lẹ́nu ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe tín-ínrín tó ń kọ́ sí ètè yẹn. Ẹ̀bá eyín gan-an ló ti ń gba ìdọ̀tí náà kó tó fò. Ẹ̀rọ yìí kò sì ní ká bọ́ ìbòmú N95 tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí o, torí ojú wa ni ìkùukùu náà ń kọ́kọ́ bà.

Iná tó ń sọ pé asẹ́ ti kún, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n fi sí. Ta ló fẹ́ rí i níbẹ̀?