Ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Ilé-Ifẹ̀ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀sà wo ló wà ní Ifẹ̀? Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ̀ wà, èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi la jọ ni ín. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣe ségesège, wọ́n á gbé e sẹ́yìn mọ́tò wá bá mi, màá gbé ìdí rẹ̀ bọ inú dúróòmù omi lẹ́yìnkùlé kí n tó ṣáná sí i. Yamaha Enduro 40 ni, two-stroke, irú tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù kó tó lè ṣiṣẹ́.

Ìwé mẹ́ta ni wọ́n máa ń tà fún irú wa.

Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá nínú páálí, ẹ má kà á kún ìwé àtúnṣe. Pílọ́ọ̀gì, omi tútù tí wọ́n fi ń ṣan iyọ̀ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, ó parí.

Ìwé gbàǹgbà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó kó ẹ́ńjìnnì oríṣiríṣi pọ̀, dùn ún kà. Fọ́tò ni, ẹ ó rí ọwọ́ ẹni tó ń tú bóòtì (bolt). Òun ló kọ́ mi pé ihò ìsàlẹ̀ la ti ń rọ ọ́ìlì gíà wọlé títí yóò fi yọ ní ihò òkè, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú rẹ̀. Àti pé tí ọ́ìlì gíà bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọlé.

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì kọ fún mẹkáníìkì tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán onílà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Á ní kí ẹ yọ nǹkan kan, á wá kọ nọ́ńbà irinṣẹ́ tí ẹ ó fi yọ ọ́, bí ẹni pé Ọjà Títun ní Ifẹ̀ la ti ń rà á.

Ibi tí owó mi ti bá a lọ nìyí. Ẹ́ńjìnnì yẹn kò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ wa, mi ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ rí, nígbà tí mo ra ti Amẹ́ríkà. Mo rí Yamaha lẹ́yìn ìwé, mo rí 40, mo rí two-stroke, ó tó mi. Nínú rẹ̀, wọ́n ní táǹkì ọ́ìlì dá dúró, pọ́ǹpù ló ń pò ó mọ́ epo, kí ẹ rọ epo bẹntiróòlù lásán. Mo gbé ìmọ̀ dé Ẹ̀pẹ́.

Bàbá tó ń wa ọkọ̀ wa wo kẹ́ẹ̀gì. “Tíṣà, ọ́ìlì ńkọ́?”

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé ní kò nílò rẹ̀.”

“Ìwé rí ẹ́ńjìnnì yìí ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Kò pé ogún ìṣẹ́jú lórí omi tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ó ké tín-ín, ó dákẹ́. Okùn tí a fi ń fà á kò gbéra mọ́. Àjẹ̀ la fi wa ọkọ̀ padà sétí omi. Nígbà tí mo yọ orí rẹ̀, mo fi ìka ra inú sìlíńdà: ó ń ha mí lọ́wọ́, písítìnnì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Písítìnnì méjì, ríǹgì, owó ẹni tó bọ́ọ̀ sìlíńdà, tó gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè tún dán, l'Ékòó. Bàbá kò bú mi. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá ti di sípánà mú, á ní, “Kí ni ìwé wí?”

Ìwé náà kò purọ́. Ẹ́ńjìnnì two-stroke tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nígbà kan ló ń sọ, ọ̀pọ̀ wọn ló ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀. Enduro tiwa kì í ṣe ara wọn. Irú ilẹ̀ tiwa ni wọ́n ṣe é fún, àwa la ń fọwọ́ ara wa po ọ́ìlì mọ́ epo. Ọ́ìlì lítà 1 sí epo lítà 50 ló wọ́pọ̀ fún two-stroke; tuntun tí kò tíì rin ìrìn ń fẹ́ ìlọ́po méjì ọ́ìlì yẹn.

Ti ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá lè fara balẹ̀. Orúkọ ẹ́ńjìnnì wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí irin kékeré tó lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń di ìdí ọkọ̀ mú, lẹ́tà kan sí èkejì. E tó wà níwájú 40 nínú orúkọ tiwa, E40, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Owó: mo tẹ ti ilé-iṣẹ́ jáde ní Lágéré, kò tó ìdajì owó tí mo fi ra ti Amẹ́ríkà. Àwọ̀ wáyà: ti ilé-iṣẹ́ bá tiwa mu. Kíkà á lórí fóònù: ẹ má dán an wò, ọwọ́ tó ti kan gírísì kò lè yí ojú ìwé.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rí, kó rà á, kó máa kà á lórí àga. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù mi, ti ilé-iṣẹ́ ni, ọ́ìlì ti sọ etí rẹ̀ di dúdú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ojú ìwé mẹ́ta fún yín: ibi tí orúkọ ẹ́ńjìnnì wà, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọ́ìlì, àti ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń fún bóòtì orí ẹ́ńjìnnì le tó. Tó bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.