Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá kí òórùn òbu tó kúrò nínú omi ilé mi

Iyán ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìkọ̀lé ní Sátidé kan, mo gún iyán tó kúnná, mo ro ẹ̀fọ́, mo fi ẹran ìgbẹ́ sí i. Ọyẹ́ ń mú lọ́jọ́ náà, ni mo bá bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ kí wọ́n fi ṣanwọ́. Màmá tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e símú, wọ́n wá wojú mi. “Ìyàwó mi, omi ulé yìí ń rùn.” Wọn ò pariwo. Àìpariwo yẹn ló dùn mí jù. Píọ̀wọ́tà méjì ni wọ́n fi ṣanwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Òórùn òbu ni, ẹyin tó ti bàjẹ́ gan-an. Àwa tá a ń gbé inú ilé ti ń gbọ́ ọ láti bí oṣù méjì, imú wa ti mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo pe ilé iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú omi níbí ní Adó-Èkìtì. N ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ owó ò tíì tán láàárín wa. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n rán wá sílé mi ní Baṣìrì, aṣọ iṣẹ́ wọn mọ́ tónítóní, ẹnu wọn sì dùn: “Ẹ kú ilé o, Mọ́mì wa.” Wọ́n ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, ọ̀kan tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn, ó wo èkejì. “Fíltà ni ẹ nílò.” Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọn ò gun orí táńkì, wọn ò bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wọn ò bèèrè ẹ̀rọ wo ló ń rùn. Wọ́n pe fíltà olórí mẹ́ta ní 185,000 náírà, mo ná an dé 165,000. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáa. Páìpù náà tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, wọ́n sì gbá erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára ògiri.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi ọkùnrin jáde ní balùwẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, mo tún wá ń rùn ju ìgbà tí mo wọlé lọ.”

Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n jẹ́ kí fíltà náà lo ọjọ́ mẹ́ta kó lè mọ omi. Kó lè mọ omi! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Lọ́jọ́ karùn-ún ọmọbìnrin náà ní kí n dúró lórí fóònù, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi gbọ́ orin lórí owó tèmi. Nígbà tí wọ́n tún rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn wá, ńṣe ló tú fíltà, ó fi omi ṣan èédú inú rẹ̀, ó dè é padà, ó wá ní kí n mú 5,000 náírà owó ọkọ̀ wá. Láti Ajílósùn tí ọ́fíìsì wọn wà sí Baṣìrì? Mo ti géètì. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ níwájú mi, kó sì ṣí fóònù sókè kí gbogbo wa jọ gbọ́. Ohùn ọ̀gá náà tutù bí omi àmù: “Ẹ má bínú, Màmá. Bàbá kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la.”

Bàbá dé ní aago méje àárọ̀ lórí ọ̀kadà, fìlà wọn ti ṣá, sípánà kan ṣoṣo ló wà lápò wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìkíni ni pé, “Ẹ bá mi wá gíláàsì mẹ́ta tí kò rùn ọṣẹ.” Wọ́n bu omi ẹnu ẹ̀rọ tó wà nídìí bohóòlù sínú àkọ́kọ́, níbi tí omi ò tíì dé táńkì. Wọ́n bu omi tútù ilé ìdáná sínú ìkejì, omi gbígbóná balùwẹ̀ sínú ìkẹta. Wọ́n wá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní ihò síǹkì náà máa ń rùn, téèyàn bá sì ṣí omi sí i, òórùn ibẹ̀ á ru sókè, a ó máa bá omi wí.

Wọ́n ní kí n dijú. Gíláàsì kìíní, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ìkejì ń rùn díẹ̀, bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi. Ìkẹta, òbu!

“Kànga yín ò jẹ̀bi,” ni Bàbá wí. “Híìtà tó ń mú omi yín gbóná ni.”

Wọ́n ní ọ̀pá magnesium kan wà nínú híìtà, kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò kó jẹ ara híìtà fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́, sulphate inú omi ni wọ́n ń lò, gáàsì hydrogen sulphide ni wọ́n sì ń tú jáde. Òun ló ń rùn bí òbu, ọ̀pá yẹn ló sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Iná wa tún wá bá wọn ṣe é. Àwọn elétíríìkì á mú un wá fún wákàtí méjì, wọ́n á mú un lọ, omi á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní dé 60°C tó lè pa wọ́n. Mo bi wọ́n bóyá bí omi gbígbóná ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ṣé ẹ ò dé Ìkógòsì rí ni?” Mo dé ibẹ̀. Mo ti kẹsẹ̀ bọ ibi tí ìsun omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, kò rùn.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ṣáájú híìtà ni fíltà mi wà. Omi á gba inú rẹ̀ kọjá, á mọ́, á wá lọ bàjẹ́ níwájú. Mo wo olórí mẹ́ta lára ògiri, mo rántí 165,000.

Omi gíláàsì kejì ló gbé Bàbá gun orí táńkì. Atẹ́gùn ti ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, ọmọọ́lé kan sì kú sínú rẹ̀. (N ò tíì sọ èyí fún ìyá ọkọ mi, ẹ má sọ fún wọn.) Wọ́n gbẹ omi rẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, wọ́n pọn omi tuntun kún un, wọ́n da bíi lítà kan ààbọ̀ bílíìṣì 3.5% sínú lítà 1,000. Wọ́n yọ fíltà kúrò lójú ọ̀nà ná, torí èédú á gba bílíìṣì kó tó dé páìpù. A ṣí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí òórùn bílíìṣì fi dé ẹnu rẹ̀, a tì í, ó di ọjọ́ kejì ká tó ṣàn án dànù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kìlọ̀ pé kí n má po bílíìṣì mọ́ ọṣẹ ilé ìgbẹ́ tó ní ásíìdì, pé èéfín rẹ̀ lè pààyàn.

Ọ̀pá tí wọ́n fà yọ nínú híìtà ti jẹ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí igi tí ikán wọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, aluminium òun zinc, Èkó ló ti wá, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná. Gbogbo iṣẹ́ Bàbá, pẹ̀lú ọ̀pá náà, 42,000.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé, kò rùn. Ìyá ọkọ mi wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, wọ́n ṣanwọ́, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ní kí n bu ọbẹ̀ sí i.

Mo ní kí ilé iṣẹ́ náà dá owó fíltà mi padà. Ọmọbìnrin orí fóònù ní yóò wúlò fún mi lọ́jọ́ iwájú.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé iṣẹ́ náà. Bàbá ń bọ̀ wá tún táńkì fọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ti san àsansílẹ̀.